Èmi Ni Mo Fa Ìlù Ràúfù Sẹ́yìn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, mo ti fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìyẹn ná, nítorí òun ló kéré jù. Nínú yàrá àwọn olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé, èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà àwọn tó ń jẹ́wọ́ níbí sókè. Mo máa ń sín ẹkún wọn jẹ, gbogbo wa á sì rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó da iyọ̀ sínú ọbẹ̀ orogún rẹ̀, mo sín in jẹ. Ọkùnrin tó jí bàtà àna rẹ̀, mo sín òun náà jẹ. Mo máa ń sọ pé ẹni tó bá nítìjú kò ní í jókòó kọ̀wé sí àwọn tí kò mọ̀ rí.

Lónìí, èmi náà rèé.

Ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà nínú mi. Àwọn èèyàn máa ń kọ ọ́ pé ó ń wúwo lọ́kàn àwọn. Tèmi kò wúwo. Ó ń rùn ni. Ó ń rùn bíi gbágùúdá tí wọ́n rẹ sómi tí wọ́n sì gbàgbé síbẹ̀. Mo sì ń sọ̀rọ̀ báyìí nítorí pé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ọkùnrin tí mo ṣẹ̀ máa fi ara rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì, tayọ̀tayọ̀, bí mi ò bá la ẹnu mi.

Mo ti yí orúkọ gbogbo wa padà. Mo ń pè é ní Ràúfù.

Mẹ́rin ni wá nínú ẹgbẹ́ olórin kan ní Ifangni. Ràúfù ló ń lu batterie, àwọn ìlù òyìnbó tí èèyàn ń jókòó tì, tó ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lù. Iṣẹ́ zém ló ń ṣe, ó ń fi alùpùpù gbé èèyàn láti Ifangni lọ sí Daagbé. Kàndíìdì, tó ń tún alùpùpù ṣe, ló ń ta gìtá, òun sì ni olórí wa. Filomẹ́nà tó jẹ́ aránṣọ ló ń kọrin. Èmi ń ta basse, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Purọ́ọ̀fù ni wọ́n ń pè mí, nítorí mo lọ sí yunifásítì, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Orin wa kì í ṣe orin ijó. Ó lọ́ra, ó rọrùn, ó sì wúwo. Ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni, tí a ó gbé báfù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde, sókè fún títí tí páànù orí ilé á fi máa gbọ̀n. Inú ahéré tí ìyá Kàndíìdì ti ń fún gbágùúdá tẹ́lẹ̀ la ti ń ṣe répétition, ìdánrawò wa, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Òórùn kíkan kò kúrò níbẹ̀ rí. Àwọn ará àdúgbò ń pè wá ní "àwọn tí oorun ń kùn." Èmi ni mo sọ ẹgbẹ́ náà ní Ọlọ. Mo ní orin wa gbọ́dọ̀ lọ ayé kúnná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín.

Ohun kan ṣoṣo tí a kò lè fẹnu kò lé lórí ni bí orin náà ṣe gbọ́dọ̀ yá tó.

Kàndíìdì fẹ́ kó yá díẹ̀, kí èèyàn lè rí nǹkan mi orí sí. Èmi fẹ́ kó lọ́ra gidi. Filomẹ́nà ń wá ibi tí èémí òun á tó. Gbogbo ọjọ́ Àìkú la fi ń jà.

"Purọ́ọ̀fù," Filomẹ́nà sọ fún mi lọ́jọ́ kan, "bó bá tún lọ́ra ju báyìí lọ, òkú á dìde, á bi wá pé ṣé a ò tíì ṣe tán."

Ràúfù ló dàgbà jù nínú wa. Kì í bá wa jà. Á na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, á ní: "Ẹ̀yin ẹ pinnu, èmi á lù ú. Ẹ kàn má pinnu lẹ́ẹ̀mejì nínú orin kan ṣoṣo."

Mo kọ ojú ewé mẹ́ta ní èdè Faransé lórí ọ̀rọ̀ yìí. La lourdeur, ìwúwo, ni mo pè é. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyára jẹ́ irọ́ àwọn oníṣòwò, pé ohun tó bá wúwo ni òtítọ́, pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í sáré. Mo pín in fún wọn. Kàndíìdì ya àwòrán kábúrétọ̀ sẹ́yìn tirẹ̀ fún oníbàárà kan. Inú bí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ òtítọ́ tó wà nídìí ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà. Ìka mi kò yá. Òun nìyẹn. Ibì kan wà láàárín orin wa àkọ́kọ́ tí basse ti gbọ́dọ̀ ta ohùn mẹ́jọ kí ìlù tó lù lẹ́ẹ̀mejì. Bí orin bá lọ́ra, mo lè ta á. Bó bá yá díẹ̀, ìka mi á dì pọ̀ mọ́ra wọn bí ìgbà tí èèyàn wọ ìbọ̀wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń kọ́ basse ní ṣọ́ọ̀ṣì á ta á láìwo ọwọ́. Èmi kò lè ta á. Kàkà kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, mo kọ ìwé nípa ilẹ̀ tí kì í sáré.

Ọ̀rọ̀ náà ń rí mi lára bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ẹ gbọ́ bí Ràúfù ṣe ń mú ìlù. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, á jáde síta, á tan alùpùpù rẹ̀, á jẹ́ kó dúró sójú kan. Á tẹ́tí sí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà á pa á, á wọlé wá jókòó, á sì bẹ̀rẹ̀. Kò yẹ̀ rí. Ó ní láti ọjọ́ tóun ti ń rin ọ̀nà Daagbé, ẹsẹ̀ òun àti ẹ́ńjìnnì náà ti di ọ̀kan, pé òun mọ iye ìgbà tó ń mí kóun tó dé kòtò ńlá tó wà lójú ọ̀nà. Èmi tí mo kàwé máa ń fi ẹ̀rín pa á pé kò sí sáyẹ́ǹsì nínú ìyẹn.

Lọ́jọ́ tí ìjà náà le jù, Kàndíìdì ju gìtá sórí àpò gàrí. Ó ní ọ̀rọ̀ ti sú òun. Ó ní òun fẹ́ ọgọ́rin ìlù ní ìṣẹ́jú kan, èmi fẹ́ ọgọ́ta, torí náà kí a mú àádọ́rin, kí ẹ̀rọ máa kà á, kí gbogbo ẹnu sì pa mọ́. "Ẹ̀rọ kò lọ sí yunifásítì," ó ní. "Kò sì ní ìyàwó tí á máa tì í nídìí. Ohun tó bá sọ nìyẹn."

Gbogbo wa gbà. Inú fóònù mi ni métronome náà wà, ẹ̀rọ tó ń ka ìlù. Òfin tí a ṣe rọrùn. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, màá fi nọ́ńbà ojú fóònù han gbogbo ènìyàn. Ràúfù á ki écouteur bọ etí, á máa gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́, á sì tẹ̀ lé e. Àwa yòókù á tẹ̀ lé Ràúfù. Nítorí ariwo báfù, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ẹ̀rọ náà àfi òun nìkan. Èmi ni wọ́n fi fóònù náà sí lọ́wọ́, nítorí èmi ni mo kàwé.

Ọjọ́ Àìkú kẹta ni mo kọ́kọ́ ṣe é.

Mo fi àádọ́rin hàn wọ́n. Kàndíìdì wò ó, Filomẹ́nà wò ó. Ràúfù kò tilẹ̀ bojú wo ibẹ̀, ó ní ojú òun kọ́ ló máa lù ú. Mo padà sí ààyè mi, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn bí ẹni tó ń tún okùn gìtá fà, mo sì fi àtàǹpàkò tẹ nọ́ńbà náà sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó di méjìdínláàádọ́rin. Mo jẹ́ kó máa kà. Orin lọ, ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a. Nígbà tó parí, mo dá nọ́ńbà náà padà sí àádọ́rin kí n tó gbé fóònù sílẹ̀.

"Lónìí dáa," ni Kàndíìdì wí.

Èmi náà gbà pé ó dáa. Mo rin lọ sílé, mò ń súfèé.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Oṣù kan, mo yọ ẹyọ kan. Oṣù mìíràn, mo yọ méjì. Mi ò kánjú, nítorí mo mọ̀ pé ohun tó bá ń yí díẹ̀díẹ̀ kì í ta sí èèyàn lára. Mo dé ọgọ́ta tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ì bá ní kí n dúró síbẹ̀. Mi ò dúró. Mo dé méjìdínlọ́gọ́ta. Ìka mi ń gba ibi ohùn mẹ́jọ kọjá wẹ́rẹ́ báyìí, mo sì ń di ojú bí mo ṣe ń ta á, bí ẹni tí nǹkan ńlá ń bá sọ̀rọ̀.

Kàndíìdì kò dití. Lọ́jọ́ kan ó dá orin dúró.

"Ẹ̀gbọ́n Ràúfù, ẹ ń fà wá sẹ́yìn o."

"Ohun tí ẹ̀rọ sọ sí mi létí ni mo lù."

Kàndíìdì wá síbi tí mo wà, ó gbé fóònù. Àádọ́rin ló rí níbẹ̀, nítorí mo ti dá a padà kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì. Ó ki écouteur bọ etí ara rẹ̀, ó tẹ́tí. "Ẹ̀rọ kò ní nǹkan kan," ó ní.

"Ẹ̀rọ yìí ń parọ́," ni Ràúfù wí.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹnu wo ló fẹ́ fi parọ́?"

Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá ní, "Purọ́ọ̀fù, ìwọ lo mọ̀wé. Bá mi wò ó dáadáa." Mo gba fóònù náà. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, mo fa ojú pọ̀ bí dókítà. Mo sọ fún un pé kò sí ohun tó ṣe é.

Ó ṣe oṣù méje báyìí kí Kàndíìdì tó mú aago ọwọ́ wá. Ó dá orin dúró láàárín, ó ní kí Ràúfù nìkan máa lù, ẹ̀rọ létí rẹ̀, òun fẹ́ ka iye rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ó kà á. Méjìdínlọ́gọ́ta. Mo ti ń tẹ nọ́ńbà padà sókè bó ṣe ń ka èyí tó kẹ́yìn. Ó wo ojú fóònù. Àádọ́rin. Ó yíjú sí Ràúfù.

"Ẹ yọ ọ́ létí," ó ní. "Ẹ gbàgbé ẹ̀rọ. Ẹ lù ú bí ẹ ṣe ń lù ú látijọ́."

Ràúfù yọ ọ́. Ó jáde, ó lọ tan alùpùpù rẹ̀, ó tẹ́tí sí i, ó wọlé, ó lù. Ṣùgbọ́n oṣù méje ni mo ti fi ń da ìdínkù náà sí i létí. Ó ti wọ̀ ọ́ lára. Kàndíìdì tún kà á: ọ̀kàndínlọ́gọ́ta. Alùpùpù rẹ̀ sọ ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ sọ òmíràn, òun fúnra rẹ̀ sì gbọ́ ọ.

Ó gbé igi ìlù sílẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n wá bá sọ pé ọmọ rẹ̀ jalè.

Mo lè sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀ yẹn. Ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà mí. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní àwáwí. Ohun tí mo ń rò ni pé bí mo bá sọ ọ́, Filomẹ́nà á fi mí ṣe ẹlẹ́yà títí ayé.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Ràúfù wá bá mi nílé. Ó jókòó sí etí àga. Ó ní òun fẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n Faransé tòun, ti kí èèyàn bọ́ sílẹ̀ kó san owó ọkọ̀ ni. Ó ní kí n bá òun lọ, kí n bá òun sọ ọ́ fún dókítà bó ṣe yẹ.

Mo bá a lọ.

Dókítà náà jẹ́ ọ̀dọ́, ó sì ní sùúrù. Ó ní kí Ràúfù di ojú kó fi ìka kan imú. Ó ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ó fi òòlù rọ́bà kékeré kan ìsàlẹ̀ orúnkún rẹ̀, ẹsẹ̀ fò. Ó bi í léèrè oorun àti oúnjẹ, mo ń túmọ̀ rẹ̀. Níkẹyìn ó rẹ́rìn-ín, ó sọ fún mi ní Faransé pé ara ọkùnrin yìí le koko, kò sí ohunkóhun tó ṣe é, kó máa lọ sílé.

Ràúfù yíjú sí mi. "Kí ló wí?"

Bí mo bá sọ fún un pé kò sí ohun tó ṣe é, á padà sídìí ẹ̀rọ náà. Á ní, ó dáa, bí kò bá ṣe ọwọ́ mi, kí ni? Mo rí ìbéèrè yẹn tó ń bọ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ní òun kò tíì rí i."

Ó mi orí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tẹ̀rín tẹ̀rín, ó rò pé ìròyìn ayọ̀ lòun fún un.

Nígbà tí a jáde, ó dì mí mú léjìká. Ó ní, "O ṣeun, àbúrò mi. Àwọn yòókù ń bínú sí mi. Ìwọ nìkan lo fi sùúrù bá mi."

Mo ra kókà tútù fún un.

Ó fi batterie sílẹ̀ lóṣù yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu àgbo kan tí wọ́n ń tà nínú ìgò lọ́jà, omi dúdú tó korò tó bẹ́ẹ̀ tí omijé máa ń bọ́ lójú rẹ̀ bó bá gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí mi ò ronú kàn rárá. Ó ta alùpùpù rẹ̀. Mo bi í nídìí rẹ̀.

"Purọ́ọ̀fù, bí ọwọ́ mi bá ń pẹ́ kó tó gbọ́ ohun tí mo wí fún un, lọ́jọ́ kan á pẹ́ lórí bíréèkì. Ọmọ ọlọ́mọ ló máa wà lẹ́yìn mi."

Bó ṣe di ẹni tó ń bó gbágùúdá lọ́dọ̀ Sìkírá, ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣe gàrí ní Banigbé, nìyẹn. Ọkùnrin tí gbogbo ọ̀nà Daagbé mọ̀.

Ẹ wá wo àwa. A kò wá onílù mìíràn. Èmi ni mo dámọ̀ràn pé kí a máa fi fóònù lu ìlù náà. A di èèyàn mẹ́ta àti fóònù kan, èmi ni mo sì ń di fóònù mú. Kò sẹ́ni tó tún bá mi jiyàn lórí bó ṣe yẹ kó yá tó.

Lọ́dún kejì, ọkùnrin kan wá láti Àjàṣẹ́, láti ibi kan tí wọ́n ti ń gbé àṣà lárugẹ. Ó wọ ìlẹ̀kẹ̀ onígi, ó bọ́ bàtà kó tó wọ ahéré gbágùúdá wa, bí ẹni pé ilé àdúrà ni. Ó di ojú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó la á, ó ní orin wa jẹ́ tellurique. Ó ní onílù tí kò sí níbẹ̀ yẹn, àìsí rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ jù. Mo mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tipẹ́. Mo délé kí n tó wo ìtumọ̀ tellurique nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ohun tó jẹ mọ́ ilẹ̀ ni. Filomẹ́nà bi í ní tirẹ̀ pé ṣé Bọ̀dá kò gbọ́ òórùn gbágùúdá ni, torí ó jọ pé oorun ti gbé wọn lọ.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí síbí sọ́hùn-ún láti wá sọ̀rọ̀ nípa ìlọ́ra. Mo ń lọ. Mo ń gbé ojú ewé mẹ́ta yẹn dání. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Ó wá ku ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá.

Mo lọ kí olùkọ́ kan ní Banigbé. Bí mo ṣe ń padà bọ̀, mo gbọ́ ìlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ràúfù ni. Ó jókòó lábẹ́ ibòji níwájú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá, ó ń dúró de kó kàn wọ́n, ó sì ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lu kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Kò mọ̀ pé òun ń lù ú. Ojú rẹ̀ wà lọ́nà ibòmíràn. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo yọ fóònù nínú àpò, mo fi ìka tẹ̀ lé ìlù rẹ̀ lójú ẹ̀rọ náà kó lè bá mi kà á. Àádọ́rin. Mo dúró títí. Kò kúrò lórí àádọ́rin.

Ó yíjú, ó rí mi. Kíá ló fi igi méjèèjì sábẹ́ itan, bí ẹni tí wọ́n ká ohun ìtìjú mọ́ lọ́wọ́.

"Áà, Purọ́ọ̀fù. Má dá mi lóhùn. Eré ọwọ́ tó ti kú ni."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́ nínú èyí nìkan: ọjọ́ yẹn, mo fẹ́ sọ ọ́. Mo rò pé bó bá kọ́kọ́ fojú ara rẹ̀ rí i pé ọwọ́ òun dá ṣáṣá, ìyókù á rọrùn láti sọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí a dán an wò." Mo fi nọ́ńbà náà sí àádọ́rin lójú rẹ̀, mo na écouteur sí i. Ẹ̀rù bà á. Ó lọ fọ ọwọ́ kó tó gbà á. Ó ki ọ̀kan sí etí, mo ki èkejì sí tèmi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu kẹ́ẹ̀gì náà.

Igi rẹ̀ bo ohùn ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ pátápátá. Bí ìlù òun àti ti ẹ̀rọ ṣe bára mu tó, mi ò gbọ́ ẹ̀rọ mọ́.

Ó lù ú pẹ́. Ó dúró. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Mo la ẹnu.

"Sìkírá!" ó ké. "Sìkírá, jáde wá! Ó ti lọ! Àìsàn náà ti lọ! Àgbo yẹn ti ṣiṣẹ́!"

Ìyàwó rẹ̀ sáré jáde, ìyẹ̀fun gbágùúdá dé ìgúnpá rẹ̀. Ràúfù ń lu kẹ́ẹ̀gì, ó ń sunkún, ó ń sọ pé kó wò ó, kó wò ó. Sìkírá kúnlẹ̀ níwájú mi nínú ẹrẹ̀. Ó ní Ọlọ́run á ṣe tèmi náà. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti mú ọkọ òun lọ sí ilé ìwòsàn lòun ti mọ̀ pé ọmọ èèyàn gidi ni mí.

Ẹnu mi ṣì là. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ fi ọwọ́ kan àyà.

Ní báyìí, ó ń mu ìgò méjì lóòjọ́ kí àìsàn náà má bàa padà. Ó ti lọ bá Kàndíìdì. Kàndíìdì ti gbọn ekuru orí batterie nù, ó ní a ó tún orin àkọ́kọ́ ta, bí a ṣe ń ta á látijọ́. Filomẹ́nà sunkún, lẹ́yìn náà ó ní ó kù díẹ̀ kí òun fẹ́ fóònù lọ́kọ. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la máa pàdé. Ràúfù sì ti sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé òun ò fẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan métronome náà. Ó ní Purọ́ọ̀fù ni kó máa di í mú fún òun. Ó ní bó bá tún yẹ̀, òun á mọ̀ pé ó tán, òun kò ní í fọwọ́ kan igi ìlù mọ́ láyé.

Ìka mi kò sì tíì yá. Mo dán an wò lánàá nínú yàrá mi, pẹ̀lú ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní àádọ́rin. Mo kọsẹ̀ níbi ohùn mẹ́jọ yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí mo tún bojú wo fóònù, ó ti wà ní méjìdínláàádọ́rin. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé mi ò mọ ìgbà tí àtàǹpàkò mi ṣe é. Irọ́ ni. Mo mọ̀.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé sí mi pé Ọlọ́run á forí jì mí. Kì í ṣe ọwọ́ Ọlọ́run ni mo bà jẹ́. Ẹ má sì sọ fún mi pé kí n fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, nítorí mo ti ro ìyẹn, inú mi sì dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo bá sọ ọ́ fún un, á mọ̀ pé ọdún márùn-ún òun, alùpùpù òun àti gbogbo ìgò tóun gbé mì, lórí ìka basse kan ni. Bí mi ò bá sọ ọ́, á máa mu àgbo náà títí, á sì máa wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹran tó lè já okùn nígbàkígbà.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín kéré. Mo ti wá gbólóhùn tí màá kọ́kọ́ sọ fún un bí mo bá dé Banigbé. Mo ti wá a ní Faransé, ó gùn. Mo wá a ní èdè wa, ó kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò rí ibi fara pamọ́ sí nínú rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín kò ṣàìsàn rí."

Ó ti wà lórí ìwé báyìí. Ọjọ́ Àìkú ku ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí mo ti ń fi ṣe ẹlẹ́yà, báwo lẹ ṣe ń gbé e dé ẹnu?